Ta Ló Ń Fi Rédíò Tó Ń Gbèsì Dù Wá?

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, àwọn bàbá wa wò ó títí, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí ó bá a mu: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ tirẹ̀, kò gbọ́ tìrẹ. O bú u, kò bú ọ padà. O bi í léèrè, kò dá ọ lóhùn. Orúkọ náà dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù tí a ti ń fi í tan ara wa jẹ. Rédíò kan wà tí ó ń gbèsì. Ó sì ti wà láyé fún ohun tí ó ju 100 ọdún lọ. Ní Amẹ́ríkà nìkan, àwọn tí ó ní láísẹ́ńsì rẹ̀ ju 700,000 lọ, tọmọdé tàgbà. Àwa tí a wà ní Ìlúpéjú níbí ńkọ́, tí ilé iṣẹ́ yí wa ká ọ̀tún òsì, tí a ní àwọn ọmọ tí wọ́n lè tú tẹlifóònù palẹ̀ kí wọ́n sì tò ó padà kí NEPA tó mú iná dé? Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ló tilẹ̀ gbọ́ ọ rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba: òṣì kọ́ ló fi dù wá. Ìfura àwọn aláṣẹ àti àìbìkítà tiwa fúnra wa ni.

Kí ni rédíò ọ̀hún? Àwọn òyìnbó ń pè é ní amateur radio, àwọn tí ń ṣe é sì ń pe ara wọn ní ham. Kò sí owó níbẹ̀. Ìfẹ́ ọkàn ni wọ́n fi ń ṣe é, bí ẹlòmíràn ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ìjọba ilẹ̀ oníkálukú ló ń fún wọn ní láísẹ́ńsì àti orúkọ tí wọn yóò máa jẹ́ lójú afẹ́fẹ́. Ti Nàìjíríà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, ti Benin pẹ̀lú TY, ti Togo pẹ̀lú 5V, ti Ghana pẹ̀lú 9G. Ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ tí ó sì ń gbọ́ ni wọ́n ń lò, kò sì sí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kankan láàárín wọn.

Èyí tí ó wù mí jù nínú rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń gbé jáde lọ sí ìta gbangba. Ẹ̀rọ náà lè kéré tó pákẹ́ẹ̀tì súgà. Bátìrì ọ̀kadà tó o. Wáyà tín-ín-rín kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 10, tí a fi okùn gbé kọ́ ẹ̀ka igi, òun ni eríà. Agbára tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò kò ju wáàtì 5 lọ. Gílóòbù tó wà ní pálọ̀ yín lè jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, bí ojú ọ̀run bá dára, wáàtì 5 yìí lè sọdá òkun dé Yúróòpù. Ìdí ni pé ìpele kan wà lókè lọ́hùn-ún tí oòrùn ń fún ní agbára, tí shortwave máa ń gbá mọ́ tí yóò sì padà sílẹ̀ níbi tó jìnnà, bí bọ́ọ̀lù tí a gbá mọ́ ògiri. Láti 2002 ni àwọn kan ní Britain ti dá eré kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Summits on the Air: o gun òkè, o ta wáyà rẹ, o bá ó kéré tán ẹni mẹ́rin sọ̀rọ̀, o gba máàkì. Ẹ wá ro Òkè Olúmọ wò, ẹ ro Ìdànrè. Ṣé kì í ṣe fọ́tò nìkan là ń gun àwọn òkè wọ̀nyẹn lọ yà?

Bí agbára bá kéré bẹ́ẹ̀, ẹnu kọ́ ni wọ́n sábà fi ń sọ̀rọ̀, Morse ni. Ohùn méjì péré ni: kúkúrú àti gígùn, dì àti dàà. Dì kan ni lẹ́tà E, dàà kan ni T. Orúkọ Nàìjíríà, 5N, yóò dún báyìí: dì-dì-dì-dì-dì, dàà-dì. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ bá rántí ayé P&T, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn tí ń tẹ wáyà nígbà náà ló ń mú "Ìyá ń ṣàìsàn, máa bọ̀ kíá" dé ibi tí lẹ́tà yóò fi ọ̀sẹ̀ kan rìn.

Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn tí yóò ta kò mí. Àwọn àkọ́kọ́ ní, "Fóònù ti dé, kí la tún ń fi tẹwọ́tẹwọ́ yẹn ṣe?" Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Fóònù ọwọ́ rẹ kò dá dúró. Ó so mọ́ òpó kan, òpó náà ń jẹ dísù nígbà tí iná ìjọba bá lọ, òpó sì so mọ́ wáyà abẹ́ òkun bí o bá fẹ́ dé ìlú òyìnbó. Ní 14 March 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun já ní ìhà Côte d'Ivoire. Kí lẹ rí? Íńtánẹ́ẹ̀tì dákú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, báńkì tiwa níbí ò ríṣẹ́ ṣe dáadáa, ẹni tó fẹ́ san owó oúnjẹ ń wo fóònù bí ẹni wo ère. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe àkọ́kọ́. Ní January 1983, iná jó ilé gogoro NET ní Marina, tí a ń pè ní NECOM House. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa pẹ̀lú òkè òkun ń gbà kọjá; nígbà tí ibẹ̀ jó, ọ̀nà dí. Gbogbo ẹyin sínú agbọ̀n kan! Ọdún 41 kọjá láàárín méjèèjì, a ò sì kọ́ ẹ̀kọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Mo wà ní Ìlúpéjú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 27 January 2002, nígbà tí àgọ́ ìkó-bọ́ǹbù-sí ní bárékè Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù. Fèrèsé ń gbọ̀n, àjà ń já. Àwọn kan ní ogun ti dé, àwọn kan ní ṣọ́jà ti gba ìjọba. GSM kò tí ì pé ọdún kan ní Nàìjíríà, ẹni tó ní in kò pọ̀. Àwọn tí ń sá bọ̀ ń pàdé àwọn tí ń sá lọ, kò sí ẹni tí ó lè bi ẹnìkan léèrè ọ̀rọ̀. A ní rédíò nílé, ṣùgbọ́n asọ̀rọ̀mágbèsì ni, a ò lè bi í pé ọ̀nà wo ló dára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá gba ìhà Ìsọlọ̀, wọ́n kó sínú kánáàlì Òkè-Afà nínú òkùnkùn. Nígbà tí òótọ́ ọ̀rọ̀ fi délé, ẹ̀pà ò bóró mọ́. Àwọn tí ó kú lé ní 1,000. N ò sọ pé rédíò kékeré kan ìbá dá bọ́ǹbù dúró. Ohun tí mò ń bi yín ni pé: bí ó bá ṣe pé a ní ẹnìkan ní Ìkẹjà, ẹnìkan ní Oṣòdì, ẹnìkan ní Ìsọlọ̀, tí wọ́n lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìdúró de òpó ẹnikẹ́ni, ṣé a ò ní rí ẹni tí yóò kígbe pé "Ẹ má gba ibẹ̀ yẹn"?

Bí ẹ bá rò pé àlá ni mò ń lá, ẹ wo erékùṣù Andaman ti ilẹ̀ Íńdíà. Ní December 2004, àwọn ham kan láti Íńdíà, tí obìnrin kan tí ń jẹ́ Bharathi Prasad ṣe olórí wọn, gbé ẹ̀rọ wọn lọ síbẹ̀ fún eré lásán. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ham káàkiri ayé lè fọ́nnu pé àwọn bá Andaman sọ̀rọ̀. Ní 26 December, omi òkun ru, ó gbá ilẹ̀ lọ, tẹlifóònù dákẹ́. Ẹ̀rọ eré wọ̀nyẹn ló wá di ẹnu erékùṣù náà: àwọn ni wọ́n ń fi bá ilẹ̀ Íńdíà sọ̀rọ̀, tí àwọn ẹbí fi ń mọ ẹni tí ó yè. Eré ló di iṣẹ́ ìgbàlà. Bí wọn kò bá ti ń ṣeré tẹ́lẹ̀, ta ni ìbá mọ̀ ọ́n lò lọ́jọ́ ìpọ́njú?

Àwọn kejì ní, "Àwọn òyìnbó fúnra wọn ti pa Morse tì." Irọ́ tí ó sún mọ́ òótọ́ ni. Ní 2003, ìpàdé gbogbo ayé lórí rédíò fàyè gba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti yọ Morse kúrò nínú ìdánwò tí ó jẹ́ dandan. Britain yọ ọ́ lọ́dún náà, Amẹ́ríkà yọ ọ́ ní 2007. Dandan ni wọ́n yọ, wọn ò yọ ìfẹ́. Títí di òní, ẹ tan ẹ̀rọ sí apá ìsàlẹ̀ 14 MHz, ẹ ó gbọ́ wọn tí wọ́n ń ké bí ìrẹ̀ lóru. Ìdí kò ṣòro: Morse kò gba àyè lójú afẹ́fẹ́ bí ohùn ènìyàn, nítorí náà ó ń la ariwo kọjá níbi tí ohùn ẹnu ti máa ń kú. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì wọ́n. Transistor méjì tàbí mẹ́ta ti tó fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe láti fi gbé e jáde. Àwọn ọmọ Computer Village ní Ìkẹjà, tí wọ́n ń fi irin gbígbóná jo ohun tí ojú lásán ò rí, ṣé transistor mẹ́ta ni yóò dẹ́rù bà wọ́n?

Ní tèmi o, kò sí ẹ̀yà tí Morse yẹ kí ó yá lára ju tiwa lọ. Etí wa ti mọ́ kí ohun èlò máa sọ̀rọ̀. Lóòótọ́, Morse kì í ṣe ìlù: dùndún ń ṣe àfarawé ohùn ọ̀rọ̀, Morse ń pe lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí o bá tẹ "oko" sí mi, n ò mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ́ ìroko, tàbí okò tí a ń sọ lu ẹyẹ. Ṣùgbọ́n àwọn onílù ti yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n ń fa gbólóhùn gùn títí ìtumọ̀ rẹ̀ kò fi ní ju ẹyọ kan lọ. Ọmọ àyàn ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà kí a tó bí Samuel Morse.

Àwọn kẹta ló le jù, nítorí pé ọwọ́ wọn ni ìwé wà. Wọ́n ní rédíò tó ń sọ̀rọ̀ kò yẹ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, kí ó má baà fi gba ìjọba. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ sí ọ́fíìsì kan, n ò ní dárúkọ rẹ̀, láti béèrè bí ẹnìkan ṣe lè gba láísẹ́ńsì yìí. Yàrá kìíní tì mí sí yàrá kejì, yàrá kejì dá mi padà. Ọ̀gá kan wá wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Oníwèé-ìròyìn, ṣé ẹ ò kúkú fẹ́ dá rédíò tiyín sílẹ̀ kí ẹ máa fi bú ìjọba?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ẹni tó ń wá nǹkan lọ́wọ́ ìjọba kì í fajú ro. Fọ́ọ̀mù ni n ò rí gbà.

Mo mọ ibi tí ìfura náà ti wá. Dimka sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní 13 February 1976. Àwọn ṣọ́jà tún sọ ọ́ ní 31 December 1983, Orkar sọ tirẹ̀ ní 22 April 1990. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, rédíò ta ni wọ́n lò? Ṣebí rédíò ìjọba fúnra rẹ̀ ni! Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gun òkè pẹ̀lú bátìrì ọ̀kadà. Òfin àgbáyé tilẹ̀ sọ pé ham kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú àmì àṣírí nígbà tó bá ń bá ará ilẹ̀ mìíràn sọ̀rọ̀. Ó ní láti pe orúkọ tí ìjọba fún un, gbogbo ayé sì lè tẹ́tí. Ẹni tó ń gbìmọ̀ ọ̀tẹ̀ kò ní wá gba fọ́ọ̀mù. Orí WhatsApp tí ẹnikẹ́ni ò lè kà ni yóò wà. Ẹ fi olè sílẹ̀, ẹ wá ń de ọlọ́jà.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè kò le. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ ṣe ìdánwò yìí ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ sọ iye owó rẹ̀ ní gbangba, ẹ dá ọjọ́ tí èsì yóò jáde. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní Ìlúpéjú, Mùṣín àti Agége, ẹ dá ẹgbẹ́ rédíò sílẹ̀. Fèrè iná kékeré, bátìrì kan àti pẹlẹbẹ irin kan ti tó láti fi kọ́ ọmọ ní Morse. Ẹ̀yin onílé-iṣẹ́ tí ẹ ń da wáyà àti transformer àlòkù nù, ẹ kó wọn fún àwọn ọmọ yìí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ Nigerian Amateur Radio Society, iṣẹ́ yín dára, ṣùgbọ́n fìtílà kì í tàn lábẹ́ ibùsùn. Ẹ jáde síta kí ọmọ títì rí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ sì nìyí, fífetísílẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má tìtorí ọ̀rọ̀ mi lọ tan ẹ̀rọ láìgba láísẹ́ńsì o: òfin yóò mú yín, èmi ò sì ní wá gba béèlì yín.

A kì í ti ojú ogun gbẹ́ ọfà. Ọjọ́ tí òpó bá wó, tí wáyà abẹ́ òkun bá tún já, ọjọ́ yẹn kọ́ la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ dì àti dàà. Mo ti sọ tèmi. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ má sọ èmi náà di asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ fèsì.