Kí oníṣòwò tó ra ọ̀bẹ mìíràn

Olóúnjẹ tàbí alápatà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tó bá ń sáré lọ ra ọ̀bẹ tuntun ní Ìdúmọ̀tà nígbàkígbà tí èyí tó ń lò bá kújú, èrè ara rẹ̀ ló ń gé. Òkúta ìpọ́nbẹ olójú méjì ló yẹ kó rà. Kó bu omi sí i, kó dá ọ̀bẹ dùbúlẹ̀ díẹ̀, bí ìwọ̀n 20 dìgírì, kó fi ojú tó rí ṣákiṣàki bẹ̀rẹ̀, kó sì fi èyí tó kúnná parí.

Irin gbọọrọ táwọn alápatà fi ń nu ọ̀bẹ kò lè pọ́n èyí tó ti kújú pátápátá. Ẹnu ọ̀bẹ tó tẹ̀ ló ń tọ́. Ẹ̀rọ oníná ń yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ irin.

Ọ̀bẹ kújú máa ń yọ̀ gé ọwọ́, ọwọ́ tó gbọgbẹ́ kò sì lè tajà.