Ìjà Lárúbáwá, ìwé Gẹ̀ẹ́sì

Lọ́dọọdún ni àwọn èèyàn wa láti Àjàṣẹ́, Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Ṣábẹ̀ẹ́ ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Mẹ́kà. Bí wọ́n bá dé, à ń kí wọn ní Alhaji àti Alhaja, à ń mu nínú omi Zamzam tí wọ́n bù wá, a sì ń bi wọ́n bí ilẹ̀ mímọ́ ṣe rí. Ohun tí a kì í sábàá bi wọ́n ni bí ìdílé Saud ṣe di ẹni tó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ láti wọlé. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ọwọ́ ìdílé mìíràn ni Mẹ́kà wà, ìyẹn ìdílé Sharif Husayn, tí í ṣe àtọmọdọ́mọ Ànọ́bì. Idà wà nínú ìtàn bí ìlú náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìwé àwọn amí náà wà níbẹ̀, òun sì ni àwa fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1914, Tọ́kì tó ń ṣàkóso ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Lárúbáwá gbè sẹ́yìn Jámánì, Sultan wọn sì pe gbogbo Mùsùlùmí sí ogun jíhàdì. Ẹ̀rù ba àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Mùsùlùmí tó wà lábẹ́ wọn ní Íńdíà kò lóǹkà, ọ̀nà omi Suez wà nítòsí Tọ́kì, epo rọ̀bì tí wọ́n ń fẹ́ sì wà ní Abadan. Wọn kò ní ọmọ ogun tó pọ̀ tó láti gba aṣálẹ̀ náà. Ohun tó kù fún wọn ni kí wọ́n mọ ẹni tó ń bá ta jà níbẹ̀, kí wọ́n sì ra ẹni tó bá ṣeé rà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1916, wọ́n dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní Káírò tí wọ́n pè ní Arab Bureau. Hogarth, ọ̀mọ̀wé kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwú ohun àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀, ló darí rẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn àṣírí kan, Arab Bulletin, tí àwọn ọ̀gá díẹ̀ péré láṣẹ láti kà. Ẹ wo irú ohun tí wọ́n ń wádìí. Kànga wo ni ti ẹ̀yà wo? Ta ló pa àbúrò ta, ṣé wọ́n sì ti san owó ẹ̀jẹ̀? Olórí wo ló ń gbowó lọ́wọ́ Tọ́kì? Ọmọ ta ló fẹ́ ọmọ ta? Ẹnikẹ́ni tó bá ti nájà dé ọjà tí kò mọ̀ rí yóò rí i pé ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni wọ̀nyí. Àwa náà ń béèrè irú wọn kí a tó gbé ọjà fún ẹnìkan ní àwìn.

Obìnrin kan wà nínú wọn, Gertrude Bell. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ló ti gun ràkúnmí la aṣálẹ̀ já dé Ha'il, ìlú àwọn Rashid, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1914. Wọ́n dá a dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó jẹ́ kó máa lọ. Ó gbọ́ èdè Lárúbáwá dáadáa. Ó bá àwọn olórí ẹ̀yà jókòó nínú àgọ́ wọn, ó mu kọfí wọn, ó sì ń kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ogun dé, ohun tí onílé bá àlejò sọ di ohun ìjà. Ní Káírò ní ìparí ọdún 1915, lẹ́yìn náà ní Basra láti ọdún 1916, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti to orúkọ àwọn ẹ̀yà, àwọn olórí wọn àti ìjà àárín wọn. Àwa kò sọ pé èèyàn burúkú ni. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ náà, ibẹ̀ ló kú sí, ní Baghdad lọ́dún 1926. Ṣùgbọ́n ẹni tó bu kọfí fún un kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ òun ń lọ.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òtítọ́ ni. Ìjà Ibn Saud ti Riyadh àti Ibn Rashid ti Ha'il ti wà tipẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì tó dá sí i. Ṣùgbọ́n aláǹgbá tiwa kì í gbé ìwé àti gègé dání láti wọn bí ihò ṣe fẹ̀ tó. Lóṣù kìíní ọdún 1915, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Shakespear wà lọ́dọ̀ Ibn Saud níbi ogun Jarrab, Ibn Rashid tí Tọ́kì ń tì lẹ́yìn sì wà ní òdì kejì. Àwọn ẹ̀yà Ajman tí wọ́n bá Ibn Saud wá kẹ̀yìn sí i lójú ìjà. Wọ́n pa Shakespear lọ́jọ́ náà. Ẹni tó mọ Ibn Saud àti àwọn èèyàn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ òyìnbó lọ kò mọ ohun tí àwọn Ajman yóò ṣe.

Ìyẹn kò dá wọn dúró. Lóṣù Kejìlá ọdún 1915, Gẹ̀ẹ́sì bá Ibn Saud tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, nígbà tó sì di ọdún 1917 wọ́n ń fún un ní £5,000 lóṣù. Káírò ní tiwọn ń kó wúrà tó ju ìyẹn lọ fíìfíì fún Sharif Husayn, ẹni tó dìde sí Tọ́kì lóṣù kẹfà ọdún 1916. Káírò gbẹ́kẹ̀ lé Husayn. Àwọn ará Íńdíà ní Ibn Saud ló tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣe ni ọ́fíìsì méjèèjì ń bára wọn fà á nínú lẹ́tà bí orogún. Ó pa wá lẹ́rìn-ín pé àwọn tó ń ka ìjà Lárúbáwá lẹ́sẹẹsẹ kò ka tiwọn sí ìjà. Husayn àti Ibn Saud kò sì fẹ́ràn ara wọn, bẹ́ẹ̀ àpò kan náà ni owó àwọn méjèèjì ti ń jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọmọdé ni àwọn Lárúbáwá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Auda abu Tayi, olórí kan nínú ẹ̀yà Howeitat, bá Lawrence gba ìlú Aqaba lọ́jọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 1917. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Lawrence gbọ́ pé Auda ń kọ lẹ́tà sí àwọn Tọ́kì. Nínú ẹ̀yà Howeitat gan-an, ilé kan tí ìjà ẹ̀jẹ̀ wà láàrin wọn àti ilé Auda wà lọ́dọ̀ Tọ́kì. Oníṣòwò tó bá ń wo iye tí ọjà méjì ń san, a kì í pè é ní òmùgọ̀.

Ẹni tí àwa fẹ́ kí ẹ wò ni Faisal, ọmọ Husayn. Òun náà mọ ìjà àwọn ẹ̀yà ní àmọ̀dunjú. Ó fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ jókòó nínú àgọ́, ó ń parí ẹjọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹjọ́ ràkúnmí àti ẹjọ́ pápá ìjẹko, kí ẹ̀yà kan lè gba ilẹ̀ èkejì kọjá láìsí ìpayà. Òótọ́ ni pé ogun ló ń múra sílẹ̀ fún. Síbẹ̀, ohun tí Faisal mọ̀ àti ohun tí Káírò mọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Faisal fi tirẹ̀ parí ìjà. Káírò tọ́jú tirẹ̀ sínú àpótí de ọjọ́ tó máa wúlò.

Ìwé tó burú jù kò tilẹ̀ sọ nǹkan kan nípa kànga tàbí ẹ̀jẹ̀. McMahon, aṣojú àgbà Gẹ̀ẹ́sì ní Íjíbítì, ti bá Husayn kọ lẹ́tà láti 1915 wọ 1916, ó sì ṣèlérí òmìnira fún àwọn Lárúbáwá. Lóṣù karùn-ún ọdún 1916, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bára wọn pín ilẹ̀ yẹn ní ìkọ̀kọ̀, nínú àdéhùn tí à ń pè ní Sykes-Picot. Àṣírí tú lóṣù kọkànlá ọdún 1917 nígbà tí ìjọba tuntun ní Rọ́ṣíà gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn. Àwa tí a wà ní ìhín mọ àwọn méjèèjì yìí. Àwọn náà ni wọ́n fa ìlà ọdún 1889 tó fi Kétu sí ọ̀dọ̀ Faransé, tó sì fi Ìmẹ̀kọ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Títí dòní, aṣọ́bodè ló ń dúró láàrin ará Kétu tó fẹ́ lọ kí àna rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ.

Ogun parí lọ́dún 1918. Lóṣù karùn-ún ọdún 1919, àwọn ọmọ ogun Ibn Saud ya lu ọmọ ogun Abdullah, ọmọ Husayn, ní Turaba, wọ́n sì pa wọ́n nípakúpa. Apá méjèèjì ló ti jẹ owó Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1920, àwọn ẹ̀yà Ìráàkì, Ṣíà àti Sunni, jùmọ̀ dìde sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti to orúkọ wọn sínú ìwé. Àwọn tó ka ìjà wọn dáadáa kò ka pé wọ́n lè ṣọ̀kan. Lọ́dún 1924, Mẹ́kà bọ́ sọ́wọ́ Ibn Saud. Gẹ̀ẹ́sì wò, wọn kò gba Husayn sílẹ̀. Ó lọ sí ìgbèkùn ní erékùṣù Cyprus, ó sì kú ní Amman lọ́dún 1931.

Ìdí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ àtijọ́ yìí kalẹ̀ ni pé láti ọdún 2021 ni àwọn agbébọn ti ń kọlu àwọn èèyàn ní Alibori àti Atacora, ní àríwá Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín. Àwọn ọmọ ogun wa nílò ìròyìn, ó sì yẹ kí wọ́n rí i gbà, nítorí ẹni tó ń sùn nínú igbó kò lè jà láìmọ ohun tó yí i ká. Àwọn agbébọn náà ń wá ibi tí ìjà wà láàrin àgbẹ̀ àti darandaran, kí wọ́n lè gba ibẹ̀ wọlé. Ohun tí àwa kò fara mọ́ ni kí a máa fi ẹjọ́ oko ṣe ìròyìn ogun. Bí ẹnìkan bá ní ọ̀rọ̀ ààlà pẹ̀lú Fúlàní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko rẹ̀, iwájú baálé tàbí ilé ẹjọ́ ló yẹ kó gbé e lọ. Tó bá yí i padà sí pé òun rí ọkùnrin náà pẹ̀lú àwọn agbébọn, orúkọ yẹn yóò wọ inú ìwé kan tí ẹnikẹ́ni nínú abúlé kò ní lè pa á rẹ́ kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ tí a ń bẹ ẹ̀yin baálé, ẹ̀yin ìmáàmù àti ẹ̀yin olórí ọjà ni pé, bí ẹnìkan bá wá bá yín pẹ̀lú orúkọ ọmọnìkejì rẹ̀, kí ẹ tó mú un dé ọ̀dọ̀ ọmọ ogun, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ẹjọ́ tó wà láàrin òun àti ẹni tó dárúkọ náà.