Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan ló ń dá íméèlì oníṣòwò dúró

Bí mọ́tò bá ń kú lójú ọ̀nà lọ́sàn-án, tó tún ń ṣiṣẹ́ dáadáa lálẹ́, kò sí mẹkáníìkì gidi ní Ládìpọ̀ tó máa kọ́kọ́ ní kí ọlọ́kọ̀ lọọ ra ẹ́ńjìnnì tuntun. Pílọ́ọ̀gì ni yóò kọ́kọ́ tú wò, yóò wo wáyà, yóò wo ibi tí epo ń gbà kọjá, títí tí yóò fi mọ ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ fóònù ọlọ́jà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí íméèlì ń wọlé lónìí, tí kò wọlé lọ́la, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn: “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.” Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, wọn kì í yẹ nǹkan kan wò mọ́. Àṣà yìí ń pa oníṣòwò lára, ó sì yẹ kó dópin.

Láti Japan, Jámánì, Dubai àti China làwọn páàtì tuntun àti tòkúnbọ̀ ti ń wọ ọjà Ládìpọ̀, ní Mushin. Òótọ́ ni pé orí WhatsApp lọ̀pọ̀ ti ń dúnàá-dúrà báyìí, ṣùgbọ́n ìwé owó ọjà, ìwé ẹrù orí ọkọ̀ òkun àti èyí tí báńkì ń béèrè ṣì máa ń gba orí íméèlì wá. Ká ní ọlọ́jà kan ń retí ìwé kọ̀ǹténà ẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, fóònù ẹ̀ kò dún, ọjọ́ Ẹtì ló tó rí i. Ajẹ́ntì kò lè rí nǹkan kan ṣe ní èbúté Àpápá láìsí ìwé yẹn, bẹ́ẹ̀, bí ọjọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bá ti pé, dẹ́mọ́réèjì kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já láàárín ẹni tó ń rà àti ẹni tó ń tà, àyè ṣí sílẹ̀ fún oníjìbìtì nìyẹn. Yóò fi àdírẹ́sì tó jọ ti olówó ọjà kọ̀wé pé àwọn ti yí nọ́ńbà àkáǹtì padà. Ẹni tí kò rí lẹ́tà gidi gbà ni ayédèrú lẹ́tà tètè máa ń rí mú.

Kò sẹ́ni tó lè ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ṣẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, ọdún 2011, fún bí ọjọ́ mẹ́ta, íméèlì àwọn tó ń lo BlackBerry dúró ní Áfíríkà, Yúróòpù àti ibòmíràn. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 2024, wáyà mẹ́rin tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun bà jẹ́ lápá Abidjan, ọ̀rọ̀ náà sì kan àwọn báńkì àtàwọn iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ọjà ló ń pariwo. Bí íméèlì aládùúgbò bá ń wọlé, tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo ni kò wọlé, kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ibi tó yẹ kí ọlọ́jà ti bẹ̀rẹ̀ ni kó ṣí àpótí íméèlì náà lórí kọ̀ǹpútà tó fọkàn tán. Bí lẹ́tà tó ń wá bá wà níbẹ̀, fóònù ló lẹ́bi. Bí kò bá sí níbẹ̀, kó wo ibi tí wọ́n kọ Spam sí, lẹ́yìn náà kó wò bóyá àpótí ọ̀hún ti kún. Ibi tọ́rọ̀ ti kan Ládìpọ̀ gan-an nìyí. Àyè 15GB ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, inú ẹ̀ sì ni íméèlì, Drive àti fọ́tò jọ ń gbé. Láti oṣù kẹfà, ọdún 2021, ni wọ́n ti ń ka gbogbo fọ́tò tuntun tí wọ́n bá tọ́jú síbẹ̀ mọ́ ọn. Ọlọ́jà tó ń ya fọ́tò ṣọ́ọ̀kì àti gíà fún oníbàárà látàárọ̀ dalẹ́ lè ti fi fọ́tò dí ọ̀nà mọ́ lẹ́tà ara ẹ̀ láìmọ̀. Bí àyè bá ti tán, íméèlì tuntun kò ní í wọlé mọ́.

Bó bá jẹ́ fóònù ló lẹ́bi, àwọn nǹkan tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò kò pọ̀. Nítorí iná tí kò dúró, ọ̀pọ̀ ló máa ń tan ohun tó ń bá wọn ṣọ́ bátìrì àti dátà lò. Ohun yìí kan náà ló ń dá íméèlì dúró bí fóònù bá wà nínú àpò. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà mẹ́wàá fi máa ń rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n bá ṣí i. Bí ọjọ́ àti aago orí fóònù kò bá péye, ìyẹn náà lè dí ọ̀nà. Fóònù àtijọ́ tún wà, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ló fi ń wọlé. Microsoft fòpin sí irú ẹ̀ lórí Outlook.com ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024, Google náà sì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Irú fóònù bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ètò ìwọlé tuntun.

Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni ti ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n jọ ń lo àdírẹ́sì kan. Bó bá jẹ́ POP ni wọ́n fi so fóònù kan mọ́ àpótí, fóònù yẹn lè kó lẹ́tà kúrò níbẹ̀ pátápátá, kí èkejì má bá nǹkan kan. Ọ̀gá á máa rò pé ọmọ iṣẹ́ ń pa lẹ́tà rẹ́. IMAP ló yẹ kí wọ́n lò, nítorí pé òun máa ń jẹ́ kí lẹ́tà wà níbi tó wà, kí gbogbo fóònù lè rí i.

Nítorí èyí, kí ẹnikẹ́ni má sáré yọ íméèlì kúrò lórí fóònù, àfi bó bá dá a lójú pé lẹ́tà ẹ̀ wà nínú àpótí. Kò yẹ kí wọ́n fún ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ní ọ̀rọ̀ aṣínà, torí ẹni tó bá ní in lè ka gbogbo àṣírí òwò náà. Bí wọ́n bá sì ní nọ́ńbà àkáǹtì yí padà, kó pe olówó ọjà lórí nọ́ńbà tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó sanwó.

Oníṣòwò tó lè fi etí lásán mọ ẹ́ńjìnnì tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kàn kùn lọ́dà, kò yẹ kí fóònù ọwọ́ ẹ̀ máa bà á lẹ́rù.