Ẹ̀rọ tó ń fọṣọ tó tún ń mú un gbẹ: Ṣé iná àti omi Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó lè gbé e?

Bí òjò oṣù keje bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, kò sí ilé tó ní ọmọ kékeré tí kì í kojú ìṣòro aṣọ tí kò gbẹ. Àárọ̀ ni wọn yóò sá a, ọ̀sán ni wọn yóò sáré kó o wọlé, alẹ́ ni wọn yóò fi kọ́ ẹ̀yìn àga, nígbà tí yóò bá sì fi di ọjọ́ kejì, òórùn ti wọ inú rẹ̀. Ìṣòro yìí kò yọ Ọ̀yẹ́, Ìfàkì, Ìdó àti Ọ̀mùò sílẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí àwọn tí apá wọn ká a máa wo ọ̀nà ẹ̀rọ ìgbàlódé kan tó máa ń fọ aṣọ, tí yóò fún un, tí yóò sì mú un gbẹ nínú ikùn kan náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún fọwọ́ kàn án.

Àwọn tí ọkàn wọn fà sí ẹ̀rọ yìí kò ṣòro láti mọ̀. Láti ọdún 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì FUOYE sílẹ̀, tí ó ní ọgbà kan ní Ọ̀yẹ́ àti òmíràn ní Ìkọ̀lé, ni àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ olówó-oṣù ti pọ̀ sí i ní agbègbè náà. Ilé ìwòsàn ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ti ń kọ́ àwọn dókítà wà ní Ìdó, bẹ́ẹ̀ ni dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ti iṣẹ́ òru dé kò ní agbára àtibẹ̀rẹ̀ ti bàsíà aṣọ. Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun tún wà níbẹ̀. Wọ́n rántí ìyá wọn tó ti dàgbà nílé, tí àwọn ọmọ tí ì bá máa bá a fọṣọ ti lọ tán, wọ́n sì fẹ́ fi ẹ̀rọ tí àwọn fúnra wọn ń lò ní Lọ́ńdọ̀nù ránṣẹ́ sí i. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tó mú kí ẹ̀rọ náà wúlò ni pé ilé wọn kéré, kò sí àgbàlá tí wọn yóò ta okùn aṣọ sí, iná kì í sì í lọ. Ní Ìkọ̀lé, àgbàlá wà, oòrùn wà fún ọ̀pọ̀ oṣù, iná ni kò dúró.

Kí ènìyàn tó náwó, ó yẹ kó mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Tó bá fọ aṣọ tán, tó sì fún un, irin kan tó máa ń gbóná gan-an nínú rẹ̀ ni yóò mú atẹ́gùn gbóná, tí yóò sì máa fẹ́ ẹ gba àárín aṣọ náà. Atẹ́gùn yìí yóò fa omi jáde lára aṣọ bí oruku ìkòkò, oruku náà sì gbọ́dọ̀ padà di omi kí ẹ̀rọ tó lè dà á nù. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí, pàápàá àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀, omi tútù láti ẹnu ẹ̀rọ omi ni wọ́n fi ń tutù ú. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ náà ń mu omi nígbà tó ń fọṣọ, ó sì tún ń mu ún nígbà tó ń mú aṣọ gbẹ. Omi tí àwọn mìíràn ń lò fún gbígbẹ nìkan lè tó lítà 50, tí í ṣe kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì. Fún ilé tí wọ́n ti ń ra omi ní oṣù kejì ọdún, tí kànga ti gbẹ, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Àwọn tuntun kan wà tó jẹ́ atẹ́gùn ni wọ́n fi ń tu oruku náà, àwọn kan sì ń lo ọgbọ́n inú fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù, tí iná tí wọ́n ń jẹ fi dín kù gan-an. Ilé-iṣẹ́ GE gbé irú èyí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2023, wọ́n sì ní bíi wákàtí méjì péré ni yóò fi fọ aṣọ tí yóò sì mú un gbẹ. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, iná Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ṣe é fún.

Ohun tó máa ń ya àwọn tó rà á lẹ́nu jù ni nọ́ńbà méjì tó wà lára ẹ̀rọ. Wọ́n á kọ 8 àti 5 sí i. Ẹni tó ń rà á yóò rò pé kìlógíráàmù mẹ́jọ ni òun rà. Lóòótọ́, mẹ́jọ ló lè fọ̀, ṣùgbọ́n márùn-ún péré ló lè mú gbẹ lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ nílò ààyè kí atẹ́gùn tó lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, ilé elénìyàn mẹ́fà tó bá kó aṣọ kún ẹ̀rọ yóò ní láti yọ díẹ̀ jáde tútù láàárín iṣẹ́, kí wọ́n lọ sá ìyẹn sí ìta, tàbí kí wọ́n máa fọ díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ẹni tí kò mọ èyí ni yóò sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Àkókò náà tún wà. Láti ìgbà tí aṣọ bá wọlé títí tí yóò fi gbẹ, ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ lè gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, ó sì lè jẹ tó yúnìtì iná mẹ́rin. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC fi owó kún iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́. Wọ́n gbé e sí N225 ní yúnìtì kan, wọ́n dín in kù díẹ̀ ní oṣù karùn-ún, ó sì di N209.50 ní oṣù keje ọdún náà. Bí a bá fi iye ìkẹyìn yìí ṣírò, yúnìtì mẹ́rin jẹ́ N838 fún ẹrù aṣọ kan ṣoṣo. Ilé tó bá ń fọṣọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yóò ti ná nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lórí aṣọ nìkan kí oṣù tó parí.

Àwọn tí kò sí ní Band A kò san iye yẹn nígbà náà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wọn wà. Wákàtí 16 ni ìlérí Band B, 12 ni ti C, 8 ni ti D, 4 péré sì ni ti E. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé wákàtí náà yóò tẹ̀lé ara wọn. Báwo ni ẹ̀rọ tó nílò wákàtí márùn-ún yóò ṣe parí iṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ṣèlérí wákàtí mẹ́rin fún? Iná yóò lọ nígbà tí aṣọ ṣì tutù, ilẹ̀kùn ẹ̀rọ yóò sì tì pa. Àwọn kan máa ń rántí ibi tí wọ́n dé, wọn á sì máa bá iṣẹ́ lọ nígbà tí iná bá padà, ṣùgbọ́n bí iná kò bá padà títí di ọjọ́ kejì, òórùn tí ènìyàn torí rẹ̀ ra ẹ̀rọ ni yóò bá nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní agbègbè yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUOYE jáde sí ojú títì ní Ọ̀yẹ́ láti fi ẹ̀hónú hàn nítorí pé iná kò sí. Wàhálà bẹ́ sílẹ̀, ìbọn dún, ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ méjì sì lọ sí i. Ilé-iṣẹ́ BEDC ló gba iṣẹ́ pínpín iná ní Edo, Delta, Oǹdó àti Èkìtì ní ọdún 2013. Òfin iná tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ láǹfààní láti máa ṣàkóso iná tiwọn, àjọ NERC sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àmójútó iná Èkìtì fún àjọ tí ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀ ní ọdún 2024. Àṣẹ ti súnmọ́ ilé. Ohun tí ará Ìkọ̀lé ń retí ni pé kí wákàtí iná náà súnmọ́ ilé pẹ̀lú.

Àwọn kan yóò ní jẹnẹrétọ̀ wà. Èyí tó kéré, tí ọ̀pọ̀ ilé ní, kò tó wáàtì 1,000, irin tó ń gbóná nínú ẹ̀rọ sì lè fa tó 2,000. Jẹnẹrétọ̀ ńlá lè gbé e, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ta ni yóò fi epo bẹntiróòlù gbẹ aṣọ? Ti ínfátà kò yàtọ̀ púpọ̀. Bátìrì olómi kan tó jẹ́ 12 fóòtì àti 200 Ah, bó bá kún dẹ́nu, yúnìtì méjì ààbọ̀ kò pé nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí ènìyàn lò ó kọjá ìdajì bí kò bá fẹ́ kó tètè bàjẹ́. Ẹ̀rọ náà yóò gbé e mì kí aṣọ tó gbẹ, ilé yóò sì wà nínú òkùnkùn lálẹ́. Àfi ẹni tó ní sólà tó pọ̀ dáadáa pẹ̀lú bátìrì lítíọ́ọ̀mù, tó sì ń fọṣọ lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn wà. Ó ṣeni láàánú pé ọjọ́ tí oòrùn bá pọ̀ báyìí ni okùn aṣọ náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ti omi tún kù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń ti iwájú kó aṣọ sí máa ń fẹ́ kí omi fi agbára wọlé. Bí ìwé tó bá a wá bá sọ pé ìdajì báà, ìyẹn ni pé ìdí tánkì gbọ́dọ̀ ga ju ẹ̀rọ lọ ní nǹkan bíi mítà márùn-ún. Tánkì orí pákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè ṣe é bí ẹ̀rọ bá wà nísàlẹ̀. Tánkì tí kò ga ju òrùlé ilé ilẹ̀ lọ kò lè ṣe é, àfi kí onílé tún ra ẹ̀rọ kékeré tí yóò máa ti omi. Ìdídò Ẹrò wà ní Ìkùn, ní àríwá Èkìtì yìí kan náà, ṣùgbọ́n ilé tí omi ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní láti fi tánkì tirẹ̀ ṣe ìṣirò.

Àwọn ọmọ tó fẹ́ fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílé gbọ́dọ̀ wo iná orílẹ̀-èdè tí wọ́n wà. Ẹ̀rọ tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá bá iná Nàìjíríà mu, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ pàápàá kò yàtọ̀. Ti Amẹ́ríkà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fóòtì 120 tàbí 240 pẹ̀lú 60 ni wọ́n ń lò níbẹ̀, 50 ni ti ilé. Tiransifọ́mà lè yí fóòtì padà, kò lè yí 60 padà sí 50, mọ́tọ̀ ẹ̀rọ sì lè torí rẹ̀ bàjẹ́. Ẹrù ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n san láti Houston yóò wá di owó tó wọlé sínú omi.

Kì í ṣe pé gbígbẹ pẹ̀lú iná kò ní àǹfààní tirẹ̀. Eṣinṣin kan wà tó máa ń yé sára aṣọ tútù tí wọ́n sá sábẹ́ òjìji. Bí ènìyàn bá wọ aṣọ náà, ìdin rẹ̀ yóò wọ abẹ́ awọ, ibẹ̀ yóò sì wú bí eéwo. Ọmọ ọwọ́ ló ń jìyà rẹ̀ jù, nítorí ìlédìí àti aṣọ ìbora rẹ̀. Ooru ẹ̀rọ ń pa ẹyin yìí. Ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù tó gbóná, tí wọ́n bá fi lọ inú àti ẹ̀yìn aṣọ, ń pa á pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá àgbà fi máa ń lọ ìlédìí ọmọ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù eléèédú. Wọn kò ṣe fújà rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ kò yẹ fún gbogbo aṣọ ilé Yorùbá. Léèsì lè sún kì, àdìrẹ lè pa àwọ̀ dà sára aṣọ ẹlòmíràn, ẹni tó bá sì ju aṣọ òkè sínú rẹ̀ ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Fún ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, èyí tó bọ́gbọ́n mu jù ni ẹ̀rọ oníhò méjì, tí ọ̀kan ń fọ̀, tí èkejì ń fún. Kò béèrè agbára omi, garawa ni ènìyàn lè fi bu omi sí i. Wákàtí kan lò ó kì í sábà jẹ tó ìdajì yúnìtì. Bí iná bá lọ, ìdérí rẹ̀ ṣí, ọwọ́ yóò parí èyí tó kù. Ibi tí ọgbọ́n pàtàkì wà ni ìfún: omi tí ẹ̀rọ bá fi yíyí fún jáde kò ní owó lórí rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tí wọ́n ń fi ooru lé jáde. Aṣọ tí wọ́n fún dáadáa, tí wọ́n kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà, tí fáànù kan ń fẹ́ sí i nígbà tí iná bá wà, yóò gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́ nínú òjò pàápàá. Alágbàfọ̀ tó wà ní ìgun títì náà kò ní pàdánù iṣẹ́, nítorí agbádá àti bẹ́ẹ̀dì ṣì ń bẹ.

Ẹni tí ẹ̀rọ alápapọ̀ tọ́ sí ṣì wà. Ilé tó wà lórí Band A tí ìlérí náà ń ṣẹ, ilé tó ní sólà tó lágbára, tàbí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó tí kò lè dìde, tí aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ń tutù lójoojúmọ́, tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kò lè dúró de oòrùn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi bó bá rà á. Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ wákàtí tí iná ń wá sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko, kí wọ́n sì wo èyí tó tẹ̀lé ara rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá omi ni ẹ̀rọ náà fi ń tutù àbí atẹ́gùn, kí wọ́n ra sítábíláísà tó lè gbé wáàtì 2,000 láìmí, kí wọ́n sì mọ ẹni tí yóò tún un ṣe ní Adó tàbí Àkúrẹ́ kí wọ́n tó sanwó, nítorí ọjọ́ tí ọ̀kan bá bàjẹ́ nínú iṣẹ́ méjèèjì, àtìfọ̀ àtigbẹ ni yóò máa lọ sí ilé oníṣẹ́ nínú ọkọ̀ akérò.