Owó Gbogbo Wa Ló Kọ́ Ilé-Ìwé: Ta Ló Lè Ti Ọmọ Akàndá Síta?

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó,

Ìjọba Awólọ́wọ̀ dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní January 1955. Ajáṣin, tó di gómìnà wa ní 1979, mú un dé girama. Síbẹ̀, ọmọ akàndá kò tíì jẹ nínú ọ̀fẹ́ náà bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo ọmọ orí kẹ̀kẹ́ arọ níwájú kíláàsì alátẹ̀gùn mẹ́ta: àfi kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e wọlé. Ẹnu ọ̀nà ṣáláńgá kò gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀, nítorí náà kì í mu omi láti àárọ̀ títí wọn yóò fi jáde. Ọmọ tí kò gbọ́rọ̀ ń da ojú pátákó kọ, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un.

Òfin kò fàyè gba èyí. Abala 42 ìwé òfin 1999 ní a kò gbọdọ̀ fi ipò tí a bí ènìyàn sí fìyà jẹ ẹ́. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) ti 2004 ka akàndá mọ́ àwọn tí ẹ̀kọ́ tọ́ sí. Òfin akàndá tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019 fún ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún láti ṣàtúnṣe. Ọdún náà ti pé.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí ilé-ìwé adití wà l'Àkúrẹ́, ti afọ́jú wà l'Ọ́wọ̀?" Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n òbí ló yẹ kó yan ìyẹn fúnra rẹ̀. Kí a má fipá mú ọmọ ọdún mẹ́fà láti Oǹdó lọ sí bọ́dìn.

Wọ́n á tún ní kò sówó. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ ni òfin yà sọ́tọ̀ fún UBE. Ìpínlẹ̀ tó bá dá tirẹ̀ ni yóò rí i gbà. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún kẹ̀kẹ́ arọ tí a bá ìpìlẹ̀ ṣe kò wọ́n tó èyí tí a fọ́ ilé ṣe.

Ohun tí a ń bèèrè nìyí:

1. Kí SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀, má sanwó fún agbaṣẹ́ṣe tó kọ́ kíláàsì tàbí ṣáláńgá tí kẹ̀kẹ́ kò lè wọ̀.
2. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní olùkọ́ tó mọ èdè ọwọ́ àti bíréèlì. Yunifásítì Adéyẹmí tó ń kọ́ olùkọ́ kò kúkú jìnnà, Oǹdó ló wà.
3. Kí ọ̀gá ilé-ìwé tó bá kọ̀ láti gba ọmọ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kó fún òbí ní ẹ̀dà kan.

Ẹ̀yin òbí, bí sáà tuntun bá wọlé, ẹ mú ọmọ yín lọ forúkọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò sáàyè, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì gbé e lọ bá SUBEB.