Bí Oògùn Ìwòsàn Bá Di Bárakú: Iṣẹ́ Ará Ilé

Ní oṣù kejì ọdún 2025, ilé iṣẹ́ ìròyìn BBC gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn oògùn ìrora tí ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́ ní Tamale, ní apá àríwá ilẹ̀ Ghana. Nínú rẹ̀ ni a ti gbọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn olóyè ìlú náà, Alhassan Maham, kó nǹkan bí 100 ará ìlú jọ, tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn láti máa dọdẹ àwọn tí ń ta oògùn wọ̀nyí. Wọ́n gba oògùn lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì dáná sun ún. Mo yin iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n iná tí a dá ní ìta kò lè wo ẹni tí ó dùbúlẹ̀ nínú yàrá sàn. Ẹni tí oògùn ti di bárakú fún ní Changli tàbí ní àdúgbò mìíràn ní Tamale ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí eérú bá ti tutù. Ìyá rẹ̀, aya rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó sì kù tì í. Ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń bá jà. Oògùn ìwòsàn ni tramadol ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1962, àwọn dókítà sì ń fi í dín ìrora kù fún ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún tàbí ẹni tí ó fara pa. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ni míligíráàmù 50 tàbí 100. Èyí tí ó gba ìgboro kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní nǹkan bí ọdún 2017 àti 2018 jẹ́ 200, 225 tàbí 250 nínú hóró kan ṣoṣo. Awakọ̀, aláàárù àti àgbẹ̀ ń gbé e mì kí ara má baà ro wọ́n nídìí iṣẹ́. Nígbà tí àwọn ìjọba há ọ̀nà mọ́ tramadol, òmíràn rọ́pò rẹ̀: tapentadol tí a pò mọ́ carisoprodol, àpòpọ̀ tí kò ní àṣẹ ìlò ní orílẹ̀-èdè kankan. Íńdíà ni ó ti ń wá. Lẹ́yìn ìwádìí BBC, ìjọba Íńdíà fi òfin de ṣíṣe é àti fífi í ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Kí ẹnikẹ́ni nínú àwa Yorùbá má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Ghana ni èyí. Àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho àti Ṣakí ṣòwò ní apá àríwá Ghana fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde. Yàtọ̀ sí èyí, àrùn tí ń ṣe ogójì ní ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà jọ ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 4.6 ènìyàn ní Nàìjíríà ni ó lo oògùn ìrora bí irú èyí láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún wọn. Bí a bá sì ka gbogbo oògùn olóró pọ̀, ilẹ̀ Yorùbá wà ní apá tí àwọn tí ń lò ó pọ̀ sí jùlọ: ó lé ní 22 nínú 100.

Kí ni ará ilé sábà máa ń ṣe? Ọ̀nà méjì ni mo rí. Èkíní ni ìbòmọ́lẹ̀. Ọmọ ń tòògbé lórí oúnjẹ, a ní iṣẹ́ ni ó rẹ̀ ẹ́. Owó ọjà dín, a ní àṣìkà ni. Alájọgbélé béèrè, a ní ibà ni. Èyí kì í ṣe ìfẹ́. Ìtìjú tí ó wọ aṣọ ìfẹ́ ni. Èkejì ni pé, nígbà tí àṣírí bá tú, a fò láti ibi ìbòmọ́lẹ̀ lọ sí ibi ìkà: a lé e jáde, tàbí a gbé e lọ fún ẹni tí yóò dè é. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa ní Kaduna, wọ́n bá àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tí wọ́n lé ní 300 níbẹ̀, tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ará ilé wọn ni ó mú púpọ̀ nínú wọn lọ, nítorí oògùn tàbí oríkunkun.

Ẹnìkan lè wí pé, "Òun ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á, ẹ jẹ́ kí ó jẹ iyán rẹ̀ níṣu." N kò sọ pé kò ní ẹ̀bi. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹgba kò mọ ọ̀nà ibi tí àrùn náà wà. Ara tí ó ti bá oògùn yìí gbé pẹ́ ti kọ́ láti gbára lé e. Bí a bá já a gbà lójijì, òógùn yóò bò ó, egungun yóò máa ro ó, inú yóò máa ṣu ú, oorun yóò sì dá lójú rẹ̀. Bí carisoprodol bá wà nínú rẹ̀, gìrì lè gbé e. Ewu kejì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí a ti mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò ní agbára àtijọ́ mọ́ láti gba oògùn náà sára. Bí ó bá jáde tí ó sì mu ìwọ̀n tí ó ń mu tẹ́lẹ̀, èémí rẹ̀ lè dá.

Ọmọ Yorùbá kan ti fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Láti ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta. Dípò kí ó ti gbogbo àwọn alárùn ọpọlọ mọ́lé, ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí. Wọn a gba ìtọ́jú ní ọ̀sán, wọn a padà sí abúlé ní alẹ́. Àdéhùn kan wà níbẹ̀: ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kí ó máa dáná fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kì í ṣe nítorí àwọn tí oògùn di bárakú fún ni a ṣe dá ètò náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kàn wọ́n: dókítà kò gba ipò ẹbí, ẹbí kò sì gba ipò dókítà. Lónìí, ilé ìwòsàn Aro ní ẹ̀ka tí ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún.

Nítorí náà, ohun tí mo gbà pé ó tọ́ nìyí. Kí ará ilé pe ohun náà ní àìsàn, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún àgbàlagbà kan tí wọ́n fọkàn tán. Kí wọ́n mú aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn kí ó tó di ọ̀ràn ọlọ́pàá. Ìlú kan náà ni Changli àti Tamale Teaching Hospital wà. Kí wọ́n mú páálí oògùn náà dání, kí dókítà lè mọ ohun tí ó ń lò àti bí yóò ti dín in kù díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n fún un ní oúnjẹ, kí wọ́n má fún un ní owó. Kí wọ́n má san gbèsè oògùn rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Bí ó bá tún ṣubú, kí wọ́n tún mú un padà, nítorí àìsàn yìí máa ń yí padà wá. Kí wọ́n má sì di gbogbo ẹrù náà lé ìyá nìkan lórí. Ẹni tí ń ṣọ́ aláìsàn lóru nílò ẹni tí yóò gbà á ní ọ̀sán.

Òfin pàápàá ti ń rọ̀. Òfin tí Ghana ṣe ní ọdún 2020 fi owó ìtanràn rọ́pò ẹ̀wọ̀n fún ẹni tí wọ́n bá bá oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìlò ara rẹ̀ nìkan. Bí ìjọba bá lè mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí ń tà àti ẹni tí àìsàn mú, kò yẹ kí baba ọmọ má mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, olùkọ́ ni a ó jẹ́. Ní kíláàsì wa ni a ó ti rí ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jí owó ìwé rẹ̀, àti èyí tí kò sùn nítorí igbe tí ń bẹ nílé. Kí a má fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, kí a má sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbangba. Ẹ jẹ́ kí a pe òbí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí a sì sọ fún wọn pé ọ̀nà ilé ìwòsàn ṣí sílẹ̀, àti pé kì í ṣe àwọn nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣe.