Gègé tí Wellington Koo Kọ̀ Láti Gbé

Àwọn kan gbà pé bí orílẹ̀-èdè bá ti rán ọ̀mọ̀wé lọ sí ìpàdé àwọn alágbára, ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìtàn Wellington Koo, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Gu Weijun, fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlú Shanghai ni a bí i sí ní ọdún 1888. Nígbà náà, àwọn òyìnbó ní agbègbè tiwọn nínú ìlú náà, bí òyìnbó bá sì ṣẹ onílé, òfin òyìnbó ni wọn yóò fi dá ẹjọ́ rẹ̀. Koo lọ sí Amẹ́ríkà ní 1904, ó wọ Yunifásítì Columbia, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní 1912. Kí ni ó kọ ìwé oyè náà lé lórí? Ipò àwọn àjèjì ní ilẹ̀ Ṣáínà ni. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ nìyí: egbò ilé rẹ̀ ni ó gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ní 1915, ọmọ ọdún 27 péré, ó di aṣojú ìjọba rẹ̀ ní Washington.

Ní ìpàdé àlàáfíà Paris, lọ́dún 1919, Ṣáínà ń béèrè kí àṣẹ tí Jámánì ní ní Shandong, èyí tí Jàpáánì fi ogun gbà, padà sọ́wọ́ onílẹ̀. Àwọn lébìrà Ṣáínà bí 140,000 ti ṣiṣẹ́ fún Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun náà. Koo dìde ní ọjọ́ 28, oṣù Ṣẹẹrẹ. Ó rán wọn létí pé Shandong ni a ti bí Confucius. Àwọn tó gbọ́ ọ kan sáárá sí i.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti ṣèlérí fún Jàpáánì ní ìkọ̀kọ̀ láti 1917. Èyí tó burú jù ni pé ní 1918, ìjọba Beijing fúnra rẹ̀, tí ó ń wá owó yá, ti kọ̀wé sí Jàpáánì pé tayọ̀tayọ̀ ni òun fara mọ́ ètò Jàpáánì ní Shandong. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọgbọ́n wo ni agbẹjọ́rò fẹ́ dá fún oníbàárà tó ti tọwọ́ bọ̀wé lòdì sí ara rẹ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀?

Wọ́n gbé Shandong fún Jàpáánì. Ní ọjọ́ 4, oṣù Èbìbí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú jáde sí ìgboro Beijing. Nígbà tó di ọjọ́ 28, oṣù Okúdù, tí gbogbo ayé pé sí Versailles láti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, àga Ṣáínà ṣófo. Lójú tèmi, àìlọ yẹn níye lórí ju gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí Koo sọ lọ, nítorí pé ó jẹ́ kí ilẹ̀kùn ẹjọ́ náà ṣì wà ní ṣíṣí. Ní 1922, lẹ́yìn ìjíròrò ní Washington, èyí tí Koo náà kópa nínú rẹ̀, Jàpáánì gbà láti dá ilẹ̀ náà padà.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún, ní San Francisco, wọ́n gbé ìwé ìdásílẹ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kalẹ̀. Ṣáínà ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Koo ló bọ́ síwájú, ó sì fọwọ́ sí i.